Mo Kí Wọn Láti Orí Òkè Kejì

Bọ́lá, jókòó kí n rọ́ àlá tí mo lá mọ́jú òní fún ọ. Ṣé o rántí Ìyá Rónkẹ́ àdúgbò wa, tó máa ń fẹjọ́ mi sun màmá mi pé n kì í kí àgbà? Wọn ò mọ̀ pé ojú mi ni kì í rí ọ̀ọ́kán.

Lójú àlá, wọ́n wà lórí òkè kejì, wọn ò tóbi ju èèrà lọ, síbẹ̀ mo rí fọ́nrán òwú tó já létí gèlè wọn. Mo kúnlẹ̀: "Ẹ káàárọ̀ mà!"

Wọ́n ní, "Ta nìyẹn?"

"Èmi Ṣadé ni! Lẹ́ǹsì tí dókítà fi sínú ẹyinjú mi lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn ló ṣe é, mà."

Orí mi wú! Wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, wọ́n ti dé iwájú mi, wọ́n ní kí n ka lẹ́tà kan. Ó ń ṣe bàìbàì, bí ìwé ìtòsí ṣe ń ṣe mí láìpẹ́ yìí. Mo ní kí wọ́n gbé e padà sórí òkè. Ibẹ̀ ni mo ti kà á ketekete: "Ìyá Ṣadé, ọmọ rẹ kí mi lónìí."

Nígbà tí mo máa jí, orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.