Ọbẹ̀ Ìtẹ́ Ẹyẹ Ọjọ́ Sátidé

Gbogbo àdúgbò wọn ní Sitiawan, ìlú kan ní Malaysia, ló mọ̀ pé Màmá Ling kì í yin nǹkan. Bí ẹ bá gbé òṣùpá fún un nínú àwo, yóò kọ́kọ́ yí àwo náà wò bóyá wọ́n fọ ìdí rẹ̀. Swee Hiong, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ti bá a gbé ju ọgbọ̀n ọdún lọ, lókè ṣọ́ọ̀bù tí ọkọ rẹ̀ Kee Hock ti ń ta okùn àti àwọ̀n fún àwọn apẹja, kò sì tíì gbọ́ "ó dùn" lẹ́nu ìyá náà rí.

Àwọn alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ló ni òkè pátápátá ilé náà, àwọn irú tó ń fi itọ́ ẹnu wọn mọ ìtẹ́ sára igi àjà. Kee Hock ti dí gbogbo fèrèsé ibẹ̀, ó fi ihò kan ṣoṣo sílẹ̀ fún wọn, ó sì gbé ẹ̀rọ kan síbẹ̀ tó ń ké bí ẹyẹ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, kí àwọn ẹyẹ tó ń kọjá lè rò pé àpèjẹ ń lọ lọ́wọ́. Bí àwọn ọmọ ẹyẹ bá ti fò lọ, á há ìtẹ́ wọn kúrò lára igi, á sì tà á fún àwọn ará Ipoh àti Penang tó gbà pé ó ń mú awọ ara jọ̀lọ̀, ó ń ṣẹ́gun ikọ́, ó sì ń dá okun padà sára abiyamọ. Èyí tó bá fọ́, tí oníbàárà kò ní í gbà, ti Màmá Ling ni.

Swee Hiong ló ń sè é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ní ọ̀sán Sátidé. Á rẹ ẹ́ sínú omi tútù títí tí yóò fi wú tí yóò sì rọ̀, á tẹ orí ba, á máa fi ẹ̀mú tín-ín-rín ṣa ìyẹ́ wẹ́wẹ́ kúrò lára rẹ̀ títí ọrùn yóò fi máa ro ó. Lẹ́yìn náà ni yóò ya á ní fọ́nrán-fọ́nrán sínú ìkòkò kékeré kan pẹ̀lú ewé páńdánì olóòórùn dídùn tí a so ní kókó àti ègé atalẹ̀, á dé e, á sì gbé e sínú ìkòkò ńlá tí omi ti ń hó. Iná jẹ́jẹ́ ló fẹ́. Bí ó bá pẹ́ jù lórí iná, yóò yọ́ di omi, kò ní í sí ohun tí eyín máa bá pàdé mọ́. Gbogbo ayé ló ń fi ṣúgà sí i ní ìgbẹ̀yìn, Màmá Ling nìkan ni kò gbà. Kò gbọ́dọ̀ sí ṣúgà, kò gbọ́dọ̀ sí dàbínù. Síbẹ̀, bí abọ́ náà bá dé iwájú rẹ̀, yóò ní kò ládùn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, yóò ní ó le jù, kí wọ́n sè é pẹ́ sí i. Á wá gbé abọ́ náà wọ yàrá rẹ̀, á ti ilẹ̀kùn, bí ó bá sì jáde, abọ́ ti mọ́ féfé.

Swee Hiong a máa fara dà á. Ohun tí kò fara dà rárá ni oúnjẹ àárọ̀. Màmá Ling ló ń kọ́kọ́ jí, òun ló ń se ìrẹsì títí tí yóò fi rọ̀ bí ògì, òun náà ló sì ń bù ú fún oníkálukú. Swee Hiong, abiyamọ tí ọmọ rẹ̀ ti di nọ́ọ̀sì ní Kuala Lumpur, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu oúnjẹ. Ìyá ọkọ rẹ̀ á gbé abọ́ tirẹ̀ ka iwájú rẹ̀, á dúró tì í, á ní kó jẹ ẹ́ tán. Ó ti ráhùn fún Kee Hock títí, ṣùgbọ́n Kee Hock jẹ́ ẹni tó gbà pé bí obìnrin méjì bá ń jà, kí ọkùnrin lọ ka okùn.

Nígbà tó yá, ojú Màmá Ling bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ó ń da iyọ̀ sínú tíì, ó ń kí òpó iná pé ẹ káàárọ̀ o. Wọ́n mú un lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n bá a yọ ohun tó bo ojú náà. Mooi Kheng, àbúrò Kee Hock obìnrin tó ń ta aṣọ ní Ipoh, wá bá wọn níbẹ̀. Ó kéré sí Kee Hock, ṣùgbọ́n ó ju Swee Hiong lọ, ara rẹ̀ sì ń dán bí ẹyin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Iṣẹ́ abẹ náà lọ dáadáa. Màmá Ling sùn sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú bándéèjì lójú kan, ó ń tòògbé, kò sì tíì bú ẹnikẹ́ni.

Swee Hiong ní aláìsàn ni, ó yẹ kí á kẹ́ ẹ. Ó ti se ọbẹ̀ ìtẹ́ ẹyẹ wá nínú fíláàsì, ìtẹ́ odindi, kì í ṣe èyí tó fọ́, ó sì ti fi dàbínù pupa àti ṣúgà sí i. Mooi Kheng gba ṣíbí, ó ní kí màmá la ẹnu. Màmá Ling la ẹnu láìbéèrè, ó gbé ṣíbí kan mì, ó gbé èkejì, kó tó wá béèrè pé kí ni wọ́n ń fún òun jẹ.

Kò tíì gbọ́ ìdáhùn tí ètè rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ọrùn rẹ̀ yọ wíwú pupa bí ẹni tí èèrà ṣùrù bò, ohùn rẹ̀ sì há. Swee Hiong sáré pe nọ́ọ̀sì. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí i nímú, wọ́n sì dúró tì í títí tí mímí rẹ̀ fi rọlẹ̀. Dókítà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń jẹ́ Yasotha, bi wọ́n pé kí ló jẹ. Wọ́n ní ìtẹ́ ẹyẹ ni. Ó ní ara àwọn kan kì í gbà á, ó sì lè pa irú wọn.

Mooi Kheng ní kò lè jẹ́ ìyẹn. "Ọjọ́ ti pẹ́ tí màmá mi ti ń jẹ ẹ́, Dókítà. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni."

Màmá Ling sọ̀rọ̀ láàárín ètè tó ti nípọn bí ìrọ̀rí. "Ta ló ń jẹ ẹ́? Láti ìgbà ọmọge ni mo ti mọ̀ pé ara mi ò gbà á."

Ó wá rántí pé òun ti sọ̀rọ̀ jù. Ó di ojú rẹ̀ kan tó ṣí sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í han-anrun.

Nínú ọkọ̀ Mooi Kheng, bí wọ́n ṣe ń padà sílé, Swee Hiong bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Gbogbo Sátidé tó fi tẹ orí ba, tó fi ń ṣa ìyẹ́, ń kọjá lójú rẹ̀. Ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ Mooi Kheng tó ń dán, ó rántí àwọn báàgì tí ìyẹn máa ń gbé lọ sí Ipoh bí ó bá wá kí wọn. Ní ìgbẹ̀yìn ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ṣé ẹ̀yin ni Màmá ń kó o fún?"

Mooi Kheng rẹ́rìn-ín débi pé ó dá ọkọ̀ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ó ní ìpara ni òun ń fi pa ara, ìpara olówó ńlá. Ó ní ìgbàkígbà tí òun bá tọrọ abọ́ kan, màmá á ní ó ti tán. "Èmi rò pé ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń jẹ ẹ́, ìyàwó wa. Mo tiẹ̀ ti ń bá yín bínú lábẹ́lẹ̀."

Wọ́n délé, wọ́n bi Kee Hock. Ó ní òun kò tọ́ ọ wò rí, títà ni òun mọ̀ ọ́n tà. Wọ́n wo ológbò ṣọ́ọ̀bù, irun rẹ̀ ń kọ mànà, ṣùgbọ́n Kee Hock ní ẹja ló fa ìyẹn. Wọ́n rò ó títí, wọ́n fi sílẹ̀, wọ́n jẹ búrẹ́dì kómpíà pẹ̀lú tíì, wọ́n sì lọ sùn.

Ní àárọ̀, Swee Hiong ló se ìrẹsì náà. Ó bu ti Kee Hock, ó bu tirẹ̀, ó gbé ẹ̀pà àti ẹyin oníyọ̀ sí àárín. Ó kó ṣíbí kan sẹ́nu, ó sì rí i pé nǹkan ti ṣe é. Ó gbẹ lẹ́nu, kò yọ̀ lọ́nà ọ̀fun.

"Kò dùn," ló wí.

Kee Hock tọ́ tirẹ̀ wò. Ó ní bí ó ṣe máa ń rí náà ló rí.

Swee Hiong fa abọ́ ọkọ rẹ̀ mọ́ra, ó tọ́ ọ wò, ó padà sí tirẹ̀. Ọ̀kan náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n òun mọ ìrẹsì àárọ̀ tòun. Ó máa ń jọ̀lọ̀ bí ilá, ó máa ń ta sánsán díẹ̀ bí ewé páńdánì, òun sì ti máa ń rò pé bí ìyá yẹn ṣe ń se tirẹ̀ nìyẹn. Ó dìde, ó ṣí fíríìjì, ó wo ìdí rẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn ìgò edé gbígbẹ. Ìgò kékeré kan wà níbẹ̀. Ìtẹ́ ẹyẹ Sátidé ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ti tún un sè títí tó fi yọ́, àfi omi tó ki.

Ó jókòó sílẹ̀. Kee Hock bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀, ẹkún ni Swee Hiong bú sí. Kee Hock kúkú rọra lọ ka okùn.

Ní ilé ìwòsàn, ètè Màmá Ling ti padà sí bó ṣe wà, ó sì ti bú nọ́ọ̀sì méjì. Swee Hiong fa àga mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ìgò náà sí i lọ́wọ́. Ìyá náà fi ìka kàn án, ó mọ ohun tí ó jẹ́, ó ní kí wọ́n má jẹ́ kó kan.

"Màmá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Kí n sọ kí ni? Ọdún tí ikọ́ gbé ọ ṣánlẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, mo fi owó ara mi ra ọ̀kan, mo sè é fún ọ. Kí lo ṣe? O gbé e fún bàbá Kee Hock."

"Ara wọn ò yá nígbà náà."

"Ara tìrẹ ńkọ́? Ohun tó dára kò lè dúró lọ́wọ́ rẹ. Bí kò bá jẹ́ ọkọ, ọmọ ni, bí kò bá jẹ́ ọmọ, oníbàárà ni. Mo ní ó dáa. Kó máa sè é fún mi. Èmi mọ ibi tí mo máa gbà."

Swee Hiong nu ojú. Ó wá rántí ohun kan, ó sì jókòó ṣánṣán. "Ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀sẹ̀ lẹ ń bú ọbẹ̀ mi. Ẹ ní kò ládùn. Ẹ ní ó le."

"Mo fẹ́ kó o sè é pẹ́ ni, kí n má bàa máa dá iná lẹ́ẹ̀mejì."

"Àdùn ńkọ́?"

Màmá Ling gbọ́n aṣọ ìbora rẹ̀. "Ìyẹn, mi ò mọ̀. Mi ò tọ́ ọ wò rí."

Ẹ̀rín bú lẹ́nu Swee Hiong. Ó fi orí gbá ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń rẹ́rìn-ín, títí Dókítà Yasotha fi yọjú wò bóyá aláìsàn kejì ti dé. Swee Hiong lo àyè náà, ó bi í léèrè bóyá òótọ́ ni pé ìtẹ́ ẹyẹ ló wo ikọ́ òun sàn. Dókítà ní òun kò lè búra. Ó ní èròjà tó ń kọ́ ara wà nínú rẹ̀ díẹ̀, bí ó ṣe wà nínú ẹyin, ṣùgbọ́n ikọ́ mìíràn a máa lọ fúnra rẹ̀. Màmá Ling ní kí dókítà náà lọ jẹun, ó ti rù jù.

Nígbà tí wọ́n ṣí bándéèjì ojú rẹ̀, ilé ni wọ́n mú un lọ tààrà. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó jìnnà sí ìkòkò bí dókítà ṣe pàṣẹ, ó sì ń fi ọwọ́ júwe. Swee Hiong ti dán ohun tuntun wò: ó da ìtẹ́ ẹyẹ náà sínú omi ẹran adìẹ tí wọ́n fi wáìnì pupa sè, ó bu sínú abọ́, ó sì jókòó síwájú ìyá ọkọ rẹ̀ láti jẹ ẹ́ ní gbangba.

Màmá Ling wò ó. Ó sún mọ́ ọn díẹ̀, ó tún wò ó, ojú rẹ̀ tuntun mọ́ kedere.

"Àṣé o ti hunjọ tó báyìí," ló wí. "Bù sí i."