Igun Tí Pákó Kò Tíì Dé

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ jókòó tì mí, kí n sọ bí pẹ́ńsùlù ẹnì kan ṣe gba orí iṣẹ́ ọdún mẹ́ta Chizuru kọjá.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Kuramochi ló fà á. Lọ́dọọdún ló máa ń kó àwọn tó ń bá a wo sánmà lọ sílé ìgbàlejò tó wà nídìí omi gbígbóná orí òkè, kí wọ́n jiyàn iṣẹ́ wọn, kí wọ́n sì wẹ̀. Chizuru, ọ̀kan nínú wọn, ní lójú sánmà Júpítà, ayé ńlá tó jẹ́ kìkì gáàsì, òun rí mẹ́tẹ́nì, gáàsì kan tó wúwo, níbi tó ga gan-an, lápá àríwá.

"Irọ́ ni ẹ̀rọ rẹ pa," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Nísàlẹ̀, ìjì ń po gáàsì pọ̀ bí ẹ̀kọ. Lókè, pípò tán: èyí tó fúyẹ́ á léfòó, èyí tó wúwo á rọ̀ sílẹ̀. Gíga kan náà ni pípò sì ti ń tán yíká ayé náà. Yọ ọ́ kúrò nínú ìwé tí à ń fi ránṣẹ́ lọ́la." Ó fi pẹ́ńsùlù fa ìlà gba orí rẹ̀ kọjá.

"Ọdún mẹ́ta, sà! Ẹ ò tilẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì!"

"Èmi lo ń pariwo mọ́ báyẹn?"

Chizuru ká ìwé náà sábẹ́ apá. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ta ló wá wọ́ ti òun yìí, bí kò ṣe àgbà?

Nílé ìwẹ̀, àwọn obìnrin ń fi pákó gígùn po omi kí ooru rẹ̀ lè rọlẹ̀, wọ́n ń kọrin:

*Pákó yí i, pákó yí i,*
*omi iná, dákun rọ̀ o.*

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbọ́ orin, ó ní omi ti ṣetán. Ó ki ẹsẹ̀ bọ omi ní igun òsì.

"Yéè!" Ó fò sókè bí ìrẹ̀.

Ìyá Tokiwa, olórí wọn, fi pákó tilẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí. "Bàbá onímọ̀, ṣé orin lẹ fẹ́ fi wẹ̀ ni? Pákó ò tíì dé igun yẹn! Omi kan náà ni, àmọ́ ta ló sọ fún yín pé ó pò dọ́gba?"

Chizuru tẹjú mọ́ igun náà. Àríwá Júpítà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ aláràbarà ti ń jó lójú sánmà: ibẹ̀ ni pákó ìjì ti ń ṣiṣẹ́ jù! Ó ń gbé gáàsì wúwo ga ju ibòmíràn lọ. Ó sọ ọ́ jáde, ó sì gbé ìwé náà síwájú Ọ̀jọ̀gbọ́n, tó ti ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wò ó pẹ́. "Mú rọ́bà wá."

"Ẹni tó ni pẹ́ńsùlù ló ni rọ́bà, sà."

"Háà!" ni Ìyá Tokiwa.

Ọ̀jọ̀gbọ́n fọwọ́ ara rẹ̀ pa ìlà pẹ́ńsùlù náà rẹ́. Wọ́n jẹ sóbà, núdù ilẹ̀ wọn, ní gbígbóná, kálukú yó, wọ́n forí lé ilé. Abọ́ méjì ni Chizuru jẹ. Nínú bọ́ọ̀sì, ó gbé ìwé náà sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ipa pẹ́ńsùlù ṣì wà níbẹ̀, ó hàn fírífírí. Ó rí i pé òun kò fẹ́ kó parẹ́.