Agogo Tó Ń Ronú Kó Tó Padà

Agogo mẹ́fà ló wà lókè ṣọ́ọ̀ṣì wa ní abúlé Harrowthwaite, Dorcas Threlfall tó jẹ́ ọ̀gá àwa tí à ń lù wọ́n ló sì sọ wọ́n lórúkọ. Kò fún wọn lórúkọ èèyàn. Orúkọ ìrìn tí kò dúró ṣinṣin ló fún wọn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ fún irú ìrìn bẹ́ẹ̀, Dorcas sì mọ̀ wọ́n dáadáa, nítorí pé ìyá rẹ̀ kì í lo ọ̀rọ̀ kan náà fún ọmọ tó ń rìn tàgétàgé, fún tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, àti fún ọkùnrin tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bọ̀ láti ilé ọtí. Agogo tó kéré jù ni Wobble, nítorí pé ṣe ló máa ń gbọ̀n pìtìpìtì. Ìkẹta ni Falter: á bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ọkàn rẹ̀ á wá já láàárín ọ̀nà. Èyí tó tóbi jù, tó wúwo tó màlúù méjì, ni Teeter, ìyẹn ẹni tó dúró sí etí nǹkan tí kò tíì mọ̀ bóyá òun á ṣubú.

Ẹni tí kò fa okùn agogo rí lè rò pé àwàdà lásán ni. Èmi tí mò ń fi gíríìsì sí wọn mọ̀ pé òótọ́ ni. Agogo wa kì í kàn fì sọ́tùn-ún sósì. A máa ń fì í títí ẹnu rẹ̀ á fi kọjú sókè bíi ti ife. Bí a bá fa okùn, á yí po, á dún, á sì tún padà dé òkè. Òkè yẹn ló ti máa ń ṣiyèméjì: ṣé kí n padà ni, àbí kí n kọjá? Ọwọ́ ẹni tó di okùn mú gbọ́dọ̀ mọ ìgbà yẹn gan-an, kó sì dá agogo dúró síbẹ̀, kó fara ti igi tó ń dènà rẹ̀. Bó bá fà á jù, igi náà á ṣẹ́, okùn á sì gbé onítọ̀hún lọ sókè àjà.

Ìdí nìyẹn tí a fi ní òfin kan. Bí Dorcas bá ní "Ẹ dúró!", ẹni tí kò bá lè dá agogo rẹ̀ dúró kò ní bá wa lù ú lọ́jọ́ Ìsinmi.

Láti ìgbà òtútù tó kọjá ni ọwọ́ Ivor Haslam ti ń gbọ̀n. Àìsàn náà kò gba agbára rẹ̀. Ó ṣì ń gbé àpò èédú wọlé fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ ṣe nǹkan, ara rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ́ tìkọ̀ díẹ̀ kó tó gbà fún un. Teeter ló ti ń lù láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ọjọ́ Àjíǹde ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ó sì ti sọ fún Enid ìyàwó rẹ̀ pé bí òun ò bá sí nídìí okùn lọ́jọ́ náà, òun ò ní gun àtẹ̀gùn ilé agogo mọ́ láéláé.

Àwa tó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an la ṣe é níkà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a ń dánra wò. Dorcas kò tíì dé. Mo fa okùn Wobble lé Ivor lọ́wọ́.

"Gba èyí," mo ní. "Ó fúyẹ́. Àwọn ọmọdé ń lù ú."

"Ọmọdé ni mí báyìí, àbí, Rowland?"

Àmọ́ ó gbà á. Wobble gbéra, ó dókè, kí ọwọ́ Ivor tó dá a lóhùn, ó ti já bọ̀. Agogo tirẹ̀ àti tiwa kọlu ara wọn bí àwo tó já bọ́ sílẹ̀ ní kíṣìnì. A tún un ṣe, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ivor fi okùn náà sílẹ̀, ó lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Enid tó bá a wá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá fìlà rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Dorcas wọlé, tó ń mí hẹlẹ.

"Mo gbọ́ ariwo yín láti ìsàlẹ̀. Ta ló fún un ní Wobble?"

"Èmi ni. Ó fúyẹ́ ni mo ṣe—"

"Ó fúyẹ́! Rowland, o ń fi gíríìsì sí wọn lára, o ò mọ ìwà wọn? Wobble ò ní sùúrù fún ẹnikẹ́ni. Bó ṣe ń dókè ló ti ń bọ̀. Teeter ni kó o wò. Bí ìyẹn bá dókè, á dúró bí ẹni tó dé etí odò, tó ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ wò ó bóyá omi tutù. Ivor, bọ́ sídìí okùn ẹ."

Enid dìde. "Dorcas, jọ̀ọ́, má pa ọkọ mi fún mi."

"Bí mo bá fẹ́ pa á, ọdún tó da ṣúgà sínú ọbẹ̀ ẹran mi ni mi ò bá ti pa á."

Ivor rẹ́rìn-ín. "Orúkọ wo lo máa wá fún èmi, pẹ̀lú gbogbo gbígbọ̀n yìí?"

"Mo ní wọn lọ́pọ̀. Dìde ná."

Dorcas gba Wobble fúnra rẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀. Ó yẹ kí n tẹjú mọ́ okùn tèmi, àmọ́ ọwọ́ Ivor ni mò ń wò. Ó ń gbọ̀n. Ìdí okùn ń jó lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bí ìrù ajá. Ṣùgbọ́n agogo tó wúwo tó yẹn kò mọ gbígbọ̀n kan lára. Gbogbo rẹ̀ ló gbé mì. Bí ara Ivor bá sì lọ́ tìkọ̀, Teeter náà ń lọ́ tìkọ̀ lókè lọ́hùn-ún, tó ń ronú. Ìgbà tí ọ̀kan bá ṣe tán ni èkejì náà ń ṣe tán. Mo ti ń tún ẹ̀rọ ṣe tipẹ́, n kò tíì rí ohun méjì tó bára mu tó bẹ́ẹ̀.

"Ẹ dúró!"

Agogo márùn-ún dúró, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Teeter ń gòkè bọ̀ kẹ́yìn. Ó dé etí òkè, ó sì wà níbẹ̀. Enid di apá mi mú. Bí Ivor bá fà á báyìí, igi á ṣẹ́. Bó bá dẹ̀ ẹ́ jù, agogo á padà wálẹ̀.

Kò fà á. Ó jẹ́ kí okùn yọ́ gòkè díẹ̀ láàárín ìka rẹ̀, ó dúró, ó tún jẹ́ kó yọ́. A gbọ́ "kọ́" kékeré kan lókè níbi tí agogo ti fara ti igi, bí ìgbà tí èèyàn rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Ìdí okùn ṣì ń jó.

"Ṣé ó ti dúró?" Enid béèrè.

"Òun ti dúró," Ivor dáhùn. "Èmi ló kù."

Dorcas ti ń so okùn tirẹ̀ mọ́ ara ògiri. "Ká tètè dé lọ́jọ́ Àjíǹde o," ló wí fún Ivor. "Mi ò ní dúró de ẹnikẹ́ni."