Búrẹ́dì Inú Kọ́bọ́ọ̀dù Emna

Emna gba máàkì méjìdínlógún àti ààbọ̀ nínú ogún nínú ìṣirò, ó sì sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ní ìlú Sfax, níbi táwọn òbí ti ń fi máàkì ọmọ ṣe fáàrí, gbogbo èèyàn ló ń yìn ín pé ọmọ náà mọ iṣẹ́ ṣe. Iṣẹ́ kọ́ o, ìyà gidi ni. Irun rẹ̀ ń já sórí ìwé, eegun ọrùn rẹ̀ ti yọ síta. Dókítà là á mọ́lẹ̀ fún ìdílé rẹ̀ pé ọkàn ọmọ yìí ti ń lù jẹ́jẹ́ jù nítorí àìjẹun, pé kó fi ìdánwò àṣejáde sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀, kó wá gba ìtọ́jú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó lè kú. Ìdánwò ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mongi, bàbá rẹ̀, fárígá.

"Kó ṣe é tán ná. Oúnjẹ ò sá lọ síbì kankan."

Emna náà fara mọ́ ọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Mbarka, ìyá bàbá rẹ̀, ń wá ìborùn. Bó ṣe ṣí kọ́bọ́ọ̀dù Emna báyìí, búrẹ́dì gbígbẹ ya lù ú. Gbogbo èyí tí ọmọ náà ń díbọ́n pé òun ń jẹ ni. Kò lè jẹ ẹ́, kò sì lè sọ ọ́ sáàtàn, torí nílé wọn, bí búrẹ́dì bá bọ́ sílẹ̀, wọ́n á mú un, wọ́n á fẹnu kò ó, wọ́n á gbé e síbi gíga. Emna wá fi bébà wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kọ déètì sí i, ó tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ.

"Emna! Ṣé àgùntàn tó ń jẹ búrẹ́dì gbígbẹ lò ń sìn síbí ni?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn da búrẹ́dì nù."

Mbarka jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó bú sẹ́kún. "O ò lè da búrẹ́dì nù, àmọ́ o lè da ọmọ ọmọ mi nù?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Emna lákínyẹmí ara. Inú bí i sí máàkì, inú bí i sí ohùn tó ń sọ nínú orí rẹ̀ lójoojúmọ́ pé kò tíì tó. Ó bọ́ sí kíṣìnnì, ó bu ọbẹ̀ ọkà báálì, ó jókòó tì í. Ẹ̀rù bà á bí ẹni tó fẹ́ gbé májèlé jẹ. Ó gbé ṣíbí kan mì. Ó tún gbé òmíràn mì, omijé ń dà lójú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni Mongi bá a.

"Bàbá, mi ò ṣe ìdánwò ọdún yìí mọ́. Ọ̀la ni mò ń lọ sọ́sibítù."

"Ṣé orí ẹ pé ṣá? O fẹ́ fìdí rẹmi ni?"

"Ẹ jẹ́ kí n fìdí rẹmi. Tí mo bá kú, ta ló máa bá yín ṣe é?"

"Ojú wo ni mo fẹ́ fi wo àwọn ará àdúgbò? Kí ni kí n sọ fún wọn?"

Emna nu ojú, ó tún bu ṣíbí kan.

"Ẹ sọ fún wọn pé ọmọ yín ń jẹun."