Lẹ́ẹ̀dì Tí Mo Rà ní Ìbàfò

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ fa àpótí yín wá síbí, kí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà wọlé, kí ẹ fi àyè sílẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Orin ni ẹ mọ̀ mọ́ mi. Bí mo jí, orin; bí mo ń rokà, orin. Ìwé ni mi ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀, torí kíláàsì méjì péré ni mo kà kí wọ́n tó ní kí n wá máa yan gaàrí. Inú mi kì í sì í bàjẹ́ pẹ́, ẹ̀yin náà rí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà, bí mo bá ti dé ìdí rẹ̀, orin á dákẹ́ lẹ́nu mi. Òun ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ọdún 1955 ni. Mowé ni ilé wa wà. Ìyá wa, Sùwéébátù, olórin ni, òun ló kọ́ mi ní gbogbo orin tí mo mọ̀. Ibà ńlá kan mú un, ara rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ dí. Bí o bá gbé ẹnu lé e létí tí o pariwo, á gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì. Ta ló wá lè fi ariwo kọrin? Bí mo bá ń kọrin nínú ilé, á máa wo ẹnu mi bí ẹni tí ebi ń pa ṣe ń wo ẹni tó ń jẹun. Ó wí fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Hàfísá, ilé yìí dákẹ́ jù. Kí n gbọ́ ohùn rẹ lẹ́ẹ̀kan péré kí n tó kú, ó tó mi."

Bọ̀dá mi Nọ́fíù gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, kò sì gbàgbé rẹ̀. Rélùwéè ló ń bá ṣiṣẹ́ ní Ifọ̀, fìtílà ojú irin ló ń tọ́jú, ṣùgbọ́n wáyà ni eré tirẹ̀. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń ta ayò, òun á wà níbi tó ti ń tú rédíò tó ti kú. Ó rí tẹlifóònù àtijọ́ kan tí wọ́n jù sẹ́yìn ọ́fíìsì. Ó tọrọ rẹ̀, wọ́n fún un. Ó yọ ibi tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí, ó yọ ibi tí wọ́n ń fi sétí, ó wá bátìrì, ó kó gbogbo rẹ̀ sínú àpótí pákó kan. Ó ní bí mo bá kọrin sí ẹnu rẹ̀, bátìrì á fún ohùn mi lágbára, ìyá wa á sì gbọ́ ọ láti apá kejì.

Nígbà tó gba ìsinmi, tí Iléyá ku bí oṣù kan, ó gbé e wá sí Mowé. Ó kàn lọ́ àwọn wáyà náà mọ́ra ni, ó gbé e sétí ìyá wa. Mo sọ pé, "Ìyá!" Àfi bí ìyá wa ṣe fò sókè.

"Oyin wà nínú nǹkan yìí!"

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Nọ́fíù ní ó ti ń gbọ́ nǹkan nìyẹn, pé wáyà tí òun kàn lọ́ ló ń mú un kùn, òun ní láti yọ́ lẹ́ẹ̀dì lé e lórí kó lè mú dáadáa. Lẹ́ẹ̀dì ọwọ́ rẹ̀ sì ti tán.

Ó ní, "Ọjà Ifọ̀ lò ń lọ lọ́la, àbí? Yà sọ́dọ̀ Yésúfù tó ń tún rédíò ṣe lẹ́bàá ojú irin. Ní kó fún ọ ní lẹ́ẹ̀dì tó tín-ín-rín bí okùn, èyí tí oje igi gbígbẹ wà nínú rẹ̀."

"Ṣé lẹ́ẹ̀dì kì í ṣe lẹ́ẹ̀dì ni, Bọ̀dá mi?"

"Rárá o, olórin. Èyí tí àwọn tó ń di ìdí kẹ̀tù tó ń jò ń lò, omi kíkan ló wà nínú tiwọn. Ó máa ń jẹ irin kó tó mú un. Kẹ̀tù nípọn, kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Wáyà tèmi yìí, bí irun orí ló rí. Á jẹ ẹ́ tán pátápátá. Kí ni mo ní kí o rà?"

"Oje igi, Yésúfù, ojú irin." Mo tilẹ̀ fi í ṣe orin, mo ń jó yí àpótí rẹ̀ ká:

*Oje igi ni kó o rà wá, má r'omi kíkan o,*
*Yésúfù ojú irin ló ni í, èmi ó rà á bọ̀.*

Ó ní kí n lọ sùn.

Ẹ wá wo ìwà mi. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé gaàrí rù. Mi ò tíì rìn jìnnà tí mo fi pàdé Ròkíátù ọ̀rẹ́ mi àti àwọn obìnrin mẹ́rin, gbogbo wọn ti múra. Ìbàfò ni wọ́n ń lọ, ibi ìsọmọlórúkọ ọmọ Ládi.

Ròkíátù ké pé, "Ẹ wo ẹlẹ́nu dídùn tó fẹ́ lọ ta gaàrí! Ládi ní bí Hàfísá ò bá dé, kí wọ́n má ì sọ ọmọ òun lórúkọ."

"Bọ̀dá mi ló rán mi níṣẹ́ sí Ifọ̀."

"Ṣé Ifọ̀ á sá lọ ni? Gaàrí yìí náà, àwọn tó ń dáná á rà á lọ́wọ́ rẹ."

Kí ni mo tún ń wí? Mo bá wọn lọ. Mo kọrin ní Ìbàfò lọ́jọ́ náà, gbogbo agbo gbóná. Wọ́n ń fi gèlè wọn fẹ́ mi. Nígbà tí mo fi máa rántí Ifọ̀, oòrùn ti yẹ̀ lórí, kò sí bí mo ṣe fẹ́ dé ibẹ̀ kí n sì padà sílé lọ́jọ́ náà. Mo bá rí ìsọ̀ Màmúdù tó ń di kẹ̀tù àti fìtílà. Lẹ́ẹ̀dì gbọọrọ kan wà ní iwájú rẹ̀, ó tín-ín-rín bí okùn, ó ń dán bíi fàdákà. Mo ní òun náà nìyí.

Màmúdù bi mí pé, "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, ìyá olórin?"

"Ṣé ọlọ́pàá ni ọ́ ni? Wáyà ni wọ́n fẹ́ fi jó pọ̀."

"Hẹn, tèmi yìí, omi inú rẹ̀ kan o. Bí ẹni náà bá jó o tán, kó fi omi gbígbóná fọ ojú ibẹ̀ dáadáa. Ẹ bá mi sọ fún un o."

"Mo ti gbọ́, Màmúdù, má dà mí dúró."

Nígbà tí mo délé, Nọ́fíù yẹ lẹ́ẹ̀dì náà wò. Ó ki irin tó fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì bọ inú ẹ̀ẹ̀dú gbígbóná, ó yọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Hàfísá, òórùn oje igi kò sí níbí. Ṣé Yésúfù ló tà á fún ọ?"

Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Bí mo bá sọ òótọ́, mo máa jẹ́wọ́ ijó Ìbàfò. Mo ní, "Òun ni. Ó ní tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni."

"Bí Yésúfù bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ó tán."

Ó jó wáyà náà pọ̀. Ó mú un, ó dán. Ti omi gbígbóná, mi ò lè sọ ọ́, torí á bi mí pé ta ló sọ fún mi. Ó gbé e sétí ara rẹ̀, mo kọrin, ó ní ohùn mi mọ́ gaara. Mo fẹ́ sáré pe ìyá wa, ó dá mi dúró. Ó ní ká fi pamọ́ di Iléyá, nígbà tí gbogbo ọmọ á pé jọ, kí ìyá wa gbọ́ orin níwájú gbogbo wọn. Ó gbé àpótí náà sínú yàrá. Òjò sì rọ̀ lójoojúmọ́, gbogbo ilé rin.

Ọjọ́ Iléyá dé. Ìyá wa wọ aṣọ funfun, ó jókòó ní pálọ̀ láàárín àwọn ọmọ àti ará àdúgbò. Nọ́fíù gbé ohun etí náà fún un. Èmi wà lẹ́yìn fèrèsé pẹ̀lú ohun ẹnu, kó má baà máa wo ẹnu mi. Mo bẹ̀rẹ̀:

*Sùwéébátù, ìwọ lo l'ohùn, èmi ni mo yá a lò,*
*Gbà á wò létí rẹ, ṣé mo tọ́jú rẹ̀?*

Ìyá wa rẹ́rìn-ín, ó ń mi orí. Ó ní, "Mo gbọ́ o! Ó dùn!" Ilé hó yèè. Mo yọjú lójú fèrèsé láti wò ó. Mo ti dánu dúró kí n lè mí, ṣùgbọ́n ìyá wa ṣì ń mi orí. Ó ń mi orí sí orin tí n kò kọ.

Nọ́fíù náà rí i. Ó gba nǹkan náà, ó gbé e sétí. Kò dún. Ó ṣí àpótí. Gbogbo ibi tó jó pọ̀ ló ti di àwọ̀ ewé, ó ń ṣe yẹ̀rì-yẹ̀rì bí iyọ̀. Ó fi ìka kan wáyà kan, ó já. Ó kan èkejì, ó já láti ìdí, níbi tí kò ti ní ṣe é lẹ̀ mọ́.

Ó ní, "Ọwọ́ mi ni. Yésúfù kò lè ta èyí tí kò dáa fún mi. Èmi ni mi ò mọ iṣẹ́."

Ìyá wa di ọwọ́ náà mú. "Nọ́fíù, ọkọ mi, mo ní mo gbọ́."

Mo la ẹnu. Èrò pọ̀ níbẹ̀. Mo pa á dé.

Nọ́fíù padà sí Ifọ̀, ó kó irin àti wáyà rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́. Kò pé oṣù méjì, ìyá wa kú.

Lọ́jọ́ fìdáù rẹ̀, Yésúfù gun kẹ̀kẹ́ wá láti Ifọ̀. Abẹ́ igi ni òun àti Nọ́fíù jókòó sí. Mo ń gbé omi lọ bá wọn ni mo gbọ́ tí Nọ́fíù ń sọ pé, "Lẹ́ẹ̀dì tuntun tẹ́ ẹ fún àbúrò mi, mo bà á jẹ́. Ó di àwọ̀ ewé."

Yésúfù ní, "Lẹ́ẹ̀dì wo? Bọ̀dá Nọ́fíù, tèmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò sì rí àbúrò yín láti ọdún tó kọjá."

Mo gbé omi náà sílẹ̀, mo yí padà. Nọ́fíù dìde, ó tẹ̀lé mi dé ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ìkòkò ìrẹsì wà.

"Níbo?"

Mo kúnlẹ̀. "Ìbàfò ni, Bọ̀dá mi. Ọ̀dọ̀ Màmúdù."

"Kò sọ fún ọ pé kí n fọ̀ ọ́?"

"Ó sọ."

Ó mú ṣíbí tó wà lórí ìkòkò. "Ká ní o sọ fún mi ni, omi gbígbóná lásán ni ì bá ná wa."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀dá mi. Ẹ tún un ṣe fún ẹlòmíràn. Àṣìṣe yín kọ́, tèmi ni. Ọwọ́ yín dáa."

"Mo ti sọ fún ọwọ́ mi pé kò wúlò, Hàfísá. Ó sì ti gbà mí gbọ́." Ó na ṣíbí ìrẹsì sí mi. "Dìde. Ebi ń pa àwọn èèyàn."

Mo dìde, mo bù ú. Wọ́n ní kí n kọ orin ìyá mi, mo kọ ọ́, wọ́n ní ó dùn, Nọ́fíù kọjú sí ògiri. Títí tó fi kú, kò fọwọ́ kan wáyà mọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, mo gbé àwo kan lọ bá a, mo ní mi ò ní kúrò níbẹ̀ bí kò bá jẹun. Ó jẹ ẹ́, ó ní kí èmi náà wá fọwọ́ sí i. A jọ jẹ ẹ́ tán. Àwọn àlejò jẹ, wọ́n yó, ìrẹsì ṣẹ́ kù. Ará Ifọ̀, ará Ìbàfò, ará Mowé, wọ́n ṣàdúà fún ìyá wa, wọ́n ní a kú ìnáwó, kálukú mú ọ̀nà ilé rẹ̀ pọ̀n pẹ̀lú ayọ̀.