Ọsàn Ọ̀sẹ̀ Àyẹ̀wò

"Ẹ jẹ ẹ́ tán, ẹ̀gbọ́n mi. Dókítà ní níṣojú mi ni kí ẹ ti jẹ ẹ́."

"Ó ń ta mí lẹ́nu. Egbò yìí kò fẹ́ ohun kíkan."

"Ẹ rọra."

Ó ki awẹ́ ọsàn kan bọ ẹnu, ó dijú, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì, àbúrò rẹ̀, kọjú sí fèrèsé. Òdìkejì àgbàlá ni yàrá ìtọ́wò wà, níbi tí ọkùnrin mẹ́rin ti ń fa sìgá tuntun láti àárọ̀ dalẹ́, kí ilé iṣẹ́ lè mọ èyí tó máa dùn lẹ́nu oníbàárà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni àgbà wọn. Òun náà ló bá a wá iṣẹ́ nọ́ọ̀sì yìí.

Ọdọọdún ni wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Àwọn èròjà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń dáàbò bo ara kó má bàa tètè bàjẹ́, fítámì inú ọsàn sì wà lára wọn. Èéfín sìgá a máa jẹ wọ́n run. Òfin ilé iṣẹ́ ni pé ẹni tí tirẹ̀ bá lọ sílẹ̀ jù, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú èéfín, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀. Òfin dára lórí ahọ́n! Bí àyẹ̀wò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, apẹ̀rẹ̀ ọsàn á wọlé, wọ́n á ní ẹ̀bùn ọ̀gá ni. Nọ́ọ̀sì á pín in, àwọn ọkùnrin á jẹ ẹ́, fítámì á gòkè nínú ẹ̀jẹ̀ wọn fúngbà díẹ̀, èsì á sì dára.

Lọ́dún yìí, èsì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ló já wálẹ̀. Kò jẹ ọsàn tirẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló kó o lọ fún nílé.

"Bọ́ ọ lọ́sàn, kó o tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbà," dókítà ti pàṣẹ.

"Sà, ẹ̀gbọ́n mi ni. Egbò ẹnu rẹ̀ kọ̀, kò jinná. Ẹ jẹ́ ká fi èyí tó jẹ́ òótọ́ ránṣẹ́ sí oríléeṣẹ́."

"Wọ́n á bi wá bí ti àwọn yòókù ṣe ń dára. Ta ló ń pín ọsàn, nọ́ọ̀sì?"

Nọ́ọ̀sì lọ gbé apẹ̀rẹ̀ ọsàn. Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ló bà.

"Àbúrò, ṣé oògùn ni?" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í báyìí, ó ń nu ẹnu.

Gbólóhùn kan péré ló yẹ kó sọ. Ojú tì í, ẹ̀rù iṣẹ́ sì bà á ju ìtìjú lọ.

"Ó ń ṣe ara lóore," ló wí, ó sì bó òmíràn fún un.

Nígbà tí èsì kejì jáde, ọkùnrin náà sáré wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín, ìwé lọ́wọ́.

"Wọ́n ní ara mi le bíi ti ọ̀dọ́! Ìyàwó mi ti ń dà mí láàmú pé kí n lọ sí ilé ìwòsàn ńlá nítorí egbò yìí. Mo fi èsì hàn án, kò yọ mí lẹ́nu mọ́. Ọlọ́run á san án fún ọ, ọmọ ìyá mi."

Ó húkọ́, ó fi áńkáṣíìfù bo ẹnu. Nígbà tó gbé e kúrò, nọ́ọ̀sì rí ẹ̀jẹ̀ lára áńkáṣíìfù náà. Kí ó tó la ẹnu, agogo iṣẹ́ dún ní yàrá ìtọ́wò.

"Mo ń lọ o," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí lẹ́nu ọ̀nà. "Lọ́dún tó ń bọ̀, jọ̀ọ́, fi kún ọsàn tèmi."