Ẹni Tó Gbé Ilẹ̀ Òkè Dání

Ẹ̀fẹ̀ ni àwọn ará àdúgbò fi Ẹgbẹ́ Ayé Yé Wa ṣe. Wọ́n ní ilé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ń jò, wọn ò wá ẹni tí yóò bá wọn tún un ṣe, ibi tí òjò ti ń rọ̀ lókè òkun ni wọ́n ń wádìí kiri. Ká má parọ́, ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ tí wọ́n ti ń ṣèpàdé ń jò lóòótọ́, lápá ibi tí ẹ̀rọ ìránṣọ kejì wà. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n ṣẹ̀? Ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, Aránṣọ á ká aṣọ oníbàárà kúrò lórí tábìlì, á to àga, á ṣílẹ̀kùn fún wọn. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kankan, omi tí wọ́n ń mu gan-an, òun ló ń gbé e wá.

Kì í ṣe pé ó kàwé púpọ̀. Ọmọ ló sọ ọ́ di ọmọ ẹgbẹ́. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí òun àti ọkọ rẹ̀ bí lọ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ní orílẹ̀-èdè kan tó jìnnà, tí odò ńlá gba àárín rẹ̀ kọjá, ìyá sì fẹ́ mọ irú ibi tí ọmọ òun ń sùn sí. Tíṣà, àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì, tó sì dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, fi ibẹ̀ hàn án lórí àwòrán ayé tó lẹ̀ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù. Láti ìgbà náà, bó bá ti ń ránṣọ, á máa gbójú sókè wò ó.

Ẹgbẹ́ náà ní àṣà kan. Olúkúlùkù ló gbé orílẹ̀-èdè kan dání. Orúkọ wọn wà lórí bébà kéékèèké, inú fìlà Tíṣà ni wọ́n ti ń mú un, èyí tó bá bọ́ síni lọ́wọ́, tẹni ni. Ẹni náà á máa kà nípa ibẹ̀, bó bá sì kàn án, á dìde sọ̀rọ̀ bí ọmọ ibẹ̀. “Àwa” ni yóò máa wí, kò gbọdọ̀ wí pé “àwọn”. Kò gbọdọ̀ bú wọn, kò sì gbọdọ̀ bá wọn pa irọ́. Bó bá parí, á bi ìjókòó pé, “Ṣé ó yé yín?” Ẹni tó bá yé á nawọ́. Tíṣà kì í jẹ́ kó sú òun láti sọ pé “ó yé mi” kò túmọ̀ sí “mo fara mọ́ ọn”. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà: òwe tó fi ń ṣí ìpàdé nìyẹn.

Ilẹ̀ Odò, níbi tí ọmọ wà, bọ́ sí Onígbàjámọ̀ lọ́wọ́, ọkùnrin tí ahọ́n rẹ̀ mú ju abẹ tó fi ń fárí lọ. Ilẹ̀ Òkè, aládùúgbò tí kì í fẹ́ rí Ilẹ̀ Odò sójú, ló bọ́ sí Aránṣọ lọ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ó ní kò burú, òun á máa ṣọ́ ọmọ òun láti orí òkè.

Ogun bẹ́. Ọkọ̀ òfurufú Ilẹ̀ Òkè ju àdó olóró sí ojú títì kan. Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kọjá lọ jóná, àlùbọ́sà tó kó jóná, ẹni tó ń wà á náà jóná. Òkú ò délé. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kú, ó sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Kí ẹni tó pa òwe yẹn wá jókòó ti Aránṣọ díẹ̀, ká wo bóyá yóò tún un pa.

Ọkọ rẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bíríkìlà, kò sunkún lójú ẹnikẹ́ni. Èpè ló ń ṣẹ́. Láràárọ̀, kó tó bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀, á dúró lójú fèrèsé, á gbé Ilẹ̀ Òkè ṣépè: wọn ò ní í bímọ, bí wọ́n bá bí i wọn ò ní í rí i tọ́, ilé tí wọ́n bá kọ́ ni yóò wó pa wọ́n. Bó bá ti ṣẹ́ ẹ tán, á lọ bá omi gbígbóná tí ìyàwó rẹ̀ gbé sí ilé ìwẹ̀, á wẹ̀, á gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ èjìká, ó di ibi iṣẹ́. Ìyàwó kò dá a lẹ́kun. Ó kúkú sàn ju kó sùn sílẹ̀ lọ.

Ìgbà tó kan Ilẹ̀ Òkè láti sọ̀rọ̀, Tíṣà wá bá wọn nílé. Ó jókòó sí etí àga.

“Ẹ kú àráfẹ́rakù, ìyá. Ọ̀rọ̀ Sátidé yìí ni mo bá wá. A ò lè ní kí ẹ gbé Ilẹ̀ Òkè mọ́. Onígbàjámọ̀ ní òun á bá yín gbé e.”

“Onígbàjámọ̀ á fi wọ́n ṣẹ̀rín ni,” Aránṣọ dáhùn. “Èmi ni mo kà nípa wọn. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún mi.”

Bíríkìlà ti yàrá jáde. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

“Tíṣà, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ẹ kó àga yín kúrò níbẹ̀. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi to gbogbo búlọ́ọ̀kù ṣọ́ọ̀bù yẹn. N ò tò ó kí ẹ lè máa bá àwọn tó pa ọmọ mi rojọ́ nínú rẹ̀.”

Tíṣà wolẹ̀. Ó mú fìlà rẹ̀, ó fẹ́ dìde. Obìnrin náà ló sọ̀rọ̀.

“Bàbá ọmọ mi, ẹ wá gbọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré. Bí ẹ ò bá nawọ́, èmi fúnra mi ni màá já àwòrán yẹn lára ògiri, wọn á sì máa lọ.”

“Kò lè yé mi.”

“Ẹ ṣáà wá.”

“Ó dáa. Lọ máa wá ibi tí ẹ ó gbé àga yín sí.”

Bí ẹ bá bi mí pé kí ni Aránṣọ ń wá, òun náà lè má mọ̀ ọ́n tán. Ṣọ́ọ̀bù yẹn nìkan ló kù tí wọ́n ti ń dárúkọ ibi tí ọmọ rẹ̀ kú sí. Níbòmíràn, wọ́n á ní “Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n”, wọ́n á yí ọ̀rọ̀ padà. Ó fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi pa á. Ohun tó sì ti mọ̀ nínú rẹ̀, látinú ìwé ìròyìn tó ń kà, ti wúwo jù fún òun nìkan, ó fẹ́ kí ọkọ òun bá òun gbé e.

Lọ́jọ́ Sátidé, ṣọ́ọ̀bù kún dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn tó ń fi ẹgbẹ́ ṣẹ̀fẹ̀ gan-an wá, àwọn ni wọ́n tètè gba ìjókòó. Bíríkìlà jókòó sẹ́yìn, lábẹ́ ibi tó ń jò, ó ká ọwọ́ méjèèjì gbera.

“Àwa ará Ilẹ̀ Òkè,” Aránṣọ bẹ̀rẹ̀. Ó mu omi. “Àwa ará Ilẹ̀ Òkè, inú ihò àpáta ni wọ́n bí àwọn bàbá wa sí, nítorí àwọn ará odò ti sun abúlé wa. Nígbà tí a padà sílé, tí a kọ́ ilé ìwé, ọkọ̀ akẹ́rù kan láti Ilẹ̀ Odò wá sí ọjà wa. Àlùbọ́sà ló wà lókè, ìbọn ló wà nísàlẹ̀. Wọ́n sun ilé ìwé náà pẹ̀lú àwọn ọmọ tó wà nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí a bá rí ọkọ̀ akẹ́rù, a kì í rí ẹrù mọ́. Ìbọn la ń rí. Ọmọkùnrin tó wà nínú ọkọ̀ òfurufú yẹn, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ wà nínú ilé ìwé tó jóná. Kó tó gbéra nílé, ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó má jẹ́ kí wọ́n tún wá sun wá mọ́.”

Onígbàjámọ̀ dìde láti bi í léèrè, torí òun ló gbé Ilẹ̀ Odò. Kò ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ náà.

“Kí ni ọkọ̀ tẹ́ ẹ sun kó?”

“Àlùbọ́sà.”

“Kí ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀?”

“Àlùbọ́sà náà ni.”

“Ṣé ẹ kọ́kọ́ béèrè?”

“A ò béèrè. Ẹ̀rù ń bà wá.”

Aránṣọ bi wọ́n pé, “Ṣé ó yé yín?” Tíṣà nawọ́. Onígbàjámọ̀ nawọ́, ó ń fi èkejì nu ojú. Àwọn yòókù nawọ́ díẹ̀díẹ̀. Bíríkìlà kò tú ọwọ́ rẹ̀ ká. Ìyàwó rẹ̀ wò ó títí, ó wá kọjú sí ògiri, ó di etí àwòrán náà mú. Àdéhùn ni àdéhùn.

“Fi í sílẹ̀.”

Ó bojú wẹ̀yìn. Ọwọ́ ọkọ rẹ̀ wà lókè, sìmẹ́ǹtì wà ní èékánná rẹ̀.

“Ó yé mi,” ni ó wí. Tíṣà fẹ́ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti jáde.

Nígbà tí Aránṣọ délé, ó bá a ní etí ibùsùn, bàtà ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

“Kí ló dé tó o fi jẹ́ kó yé mi?”

“Mo rò pé bí a bá jọ mọ̀ ọ́n, á fúyẹ́.”

“Kò fúyẹ́. Nígbà tí n ò mọ̀ wọ́n, mo mọ ohun tí mo lè fi wọ́n ṣe. Bí mo bá lanu báyìí, àwọn ọmọ ilé ìwé yẹn ni mo ń rí. Ọmọ mi ò jí. Ẹni tí mo fẹ́ bú náà, o ti gbà á lọ́wọ́ mi. Kí ni kí n wá máa jí dìde ṣe?”

Aránṣọ kúnlẹ̀, ó bọ́ bàtà náà kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun.

Ní òwúrọ̀, ó gbé omi gbígbóná sí ilé ìwẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó dúró láti gbọ́ èpè. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó wọ yàrá. Ọkọ rẹ̀ dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri, ojú rẹ̀ là sílẹ̀.

“Omi yín ti wà nílẹ̀, bàbá ọmọ mi.”

Ó pè é lẹ́ẹ̀kejì, kò dìde. Nígbà náà ni obìnrin náà lọ síbi fèrèsé, ó dúró síbi tí ọkọ rẹ̀ máa ń dúró sí. Bó bá jẹ́ èpè ni yóò gbé e dìde, òun á bá a ṣẹ́ ẹ.

“Àwọn ará Ilẹ̀ Òkè,” ló wí, “wọn ò ní í bímọ. Bí wọ́n bá bí i…”

Ó wá ìyókù rẹ̀ títí, kò rí i.

“Má yọ ara rẹ lẹ́nu,” ni ọkọ rẹ̀ wí láti orí ibùsùn. “Ó ti tán nínú ìwọ náà.”

Ó jókòó tì í lẹ́sẹ̀. Nígbà tó padà sí ilé ìwẹ̀, omi náà ti tutù.